Fẹlá Ṣówándé: Orin Ilé Wa Nínú Gòjé Òyìnbó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Nígbàkígbà tí mo bá ń ronú nípa iṣẹ́ olóògbé Fẹlá Ṣówándé, òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà mu tán. Ó kó ẹ̀ṣọ́ láti ilé lóòótọ́. Àwọn ará òde rí i, wọ́n sì yìn ín. Àwọn ará ilé gan-an ni kò tíì rí i dáradára títí di òní olónìí.

Ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa dúró ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Èkó ní Akọkà, kí ó máa bi àwọn tí ń kọjá léèrè pé ta ni Fẹlá. Orúkọ Aníkúlápó-Kútì ni gbogbo wọn yóò dá, wọn yóò sì júwe Agége Motor Road, níbi tí Kàlàkútà rẹ̀ wà kí wọ́n tó dáná sun ún ní 1977. Èmi kò bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n Fẹlá kan ti wà kí Fẹlá yìí tó dé, òun náà sì jẹ́ olórin tí òkìkí rẹ̀ kan dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ìwé wò: kí n sọ ibi tí ó dára, kí n sọ ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó, kí n sì sọ ìdí rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá, bí a kò tilẹ̀ jẹ́ olórin.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni a ti bí i ní 1905. Àlùfáà ni baba rẹ̀, olùkọ́ sì ni pẹ̀lú ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní ìlú náà. Ní Èkó ó bọ́ sí ọwọ́ T. K. E. Phillips, ẹni tí ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Christ Church ní Marina, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ohun púpọ̀ nínú iṣẹ́ orin. Ní àárín àwọn ọdún 1930 ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe ohun méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò lè gbé inú ilé kan pọ̀. Ó bá àwọn òṣèré ijó alẹ́ ṣiṣẹ́, ó sì tún jókòó ti ìwé títí ó fi yege ní 1943 nínú ìdánwò gíga ti Royal College of Organists. Láti 1945 di 1952 òun ni ó ń tẹ dùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall. Ní 1953 ó padà sí Èkó láti ṣe olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ní 1968 ó tún lọ sí Amẹ́ríkà, ó ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State, ìpínlẹ̀ Ohio níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní oṣù kẹta 1987. Ìyẹn tó nípa ìtàn ayé rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó yẹ kí a fi dá a lẹ́jọ́.

Èyí tí ó tàn kálẹ̀ jùlọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni African Suite ti 1944. Apá márùn-ún ni ó ní: Joyful Day, Nostalgia, Onipe, Lullaby àti Akinla. Gbogbo ohun èlò tí ó lò níbẹ̀ kò ju gòjé òyìnbó lọ, láti orí kékeré tí à ń gbé lé èjìká títí dé orí ńlá tí ènìyàn ń dúró tì ta, pẹ̀lú háàpù tí Bíbélì wa ń pè ní dùùrù. Kò sí ìlù kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìlù yìí sọ́kàn, nítorí mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ọdún 1944 kì í ṣe ọdún lásán nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà wa. Ní oṣù kẹfà ọdún náà gan-an ni Hubert Ògúndé gbé eré The Garden of Eden and the Throne of God jáde ní Glover Hall, ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́ta ni ó sì bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ náà. Ògúndé wà ní Èkó, Ṣówándé wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń dáhùn: ǹjẹ́ orin wa lè jáde kúrò ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ojúde ọba, kí ó dá dúró ní orí ìtàgé, kí àwọn ènìyàn sì wá jókòó tì í nítorí òun tìkára rẹ̀? Ògúndé fi ẹnu, ẹsẹ̀ àti ìlù dáhùn, gbogbo ilé sì gbọ́. Ṣówándé fi okùn gòjé dáhùn láìsí ẹnu kankan níbẹ̀, ọ̀nà rédíò BBC ni ìdáhùn tirẹ̀ sì gbà kọjá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tí ó ní rédíò ní 1944 kò pọ̀. Bí orúkọ ọ̀kan ṣe di orúkọ ilé tí ti èkejì sì di orúkọ inú ìwé, ara ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Nínú apá márààrún, Akinla ni mo fẹ́ràn jù. Orin háíláìfù ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ mọ orin náà sí, orin tí wọ́n ń jó sí ní òde. Ẹ wo ìgboyà tí ó wà nínú èyí. Ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú ìdánwò tí ó le jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fẹ́ fi han ayé pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ní orin. Ì bá ti wá orin àtijọ́ kan tí ó ní ọ̀wọ̀, tàbí orin ìsìn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i fín. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orin tí àwọn oníjó ń fi bàtà kọ́ ilẹ̀ sí ni ó gbé fún àwọn gòjé, kò sì fọ eruku ijó kúrò lára rẹ̀ kí ó tó gbé e wọlé. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbó. Ní Kánádà, Akinla yìí ni Clyde Gilmour fi ń ṣí ètò rẹ̀ lórí rédíò CBC fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ tí kò mọ ibi tí Èkó wà mọ orin náà bí ẹni mọ agogo ilé ìwé.

Nostalgia ni ó tẹ̀lé e ní ojú tèmi. Orin pẹ̀lẹ́ ni, àárò ilé ni ó sì dá lé. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan wí pé èrò òyìnbó ni àárò ilé nínú orin, pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù ni Ṣówándé ti yá a. Èmi kò gbà. Ẹni tí a bí ní Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn ọmọge ti ń sun ẹkún ìyàwó ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi ilé baba wọn sílẹ̀, kí ni yóò máa wá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti yá àárò ilé? N kò sọ pé ó fi ẹkún ìyàwó ṣe orin náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé àárò kì í ṣe àlejò ní ilé wa, a ní oríṣiríṣi ohùn tí a fi ń sun ún kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí Marina.

Ẹ jẹ́ kí n padà wá sí ọ̀rọ̀ ìlù. Ọ̀pọ̀ ni yóò bèèrè pé irú orin Yorùbá wo ni ó wà láìsí ìlù. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ ìlù ní ọ̀dọ̀ wa? Ìlù ń gbé ẹsẹ̀ jó, ìlù sì ń sọ̀rọ̀. Dùndún ń sọ̀rọ̀ nítorí pé ó lè yọ̀ láti ohùn ìsàlẹ̀ dé ohùn òkè láìdá ohùn náà ní ààrin, gẹ́gẹ́ bí ẹnu wa ti ń ṣe. Píánò kò lè ṣe èyí, nítorí pé ìró kọ̀ọ̀kan ni a ti kàn mọ́ ibi tirẹ̀. Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì kò lè ṣe é pẹ̀lú. Gòjé lè ṣe é. Ìka ènìyàn a máa yọ̀ lórí okùn gòjé bí awọ dùndún ti ń yọ̀ lábẹ́ apá onílù. Nítorí náà, nínú gbogbo ohun èlò tí òyìnbó kó wá, gòjé ni ó súnmọ́ ohùn Yorùbá jù. Ẹ bi àwọn àgbà tí ń gbé Mushin léèrè, àwọn tí wọ́n jó sí sákárà Yusuf Ọlátúnjí ní ọjọ́ wọn. Okùn gòjé kan ṣoṣo ni ó wà nínú sákárà náà, ó sì ń bá ẹnu olórin rìn lẹ́sẹẹsẹ bí òjìji. Etí tí ó gbọ́ èyí kò ṣòro fún un láti gbọ́ Nostalgia. A kò tíì mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù lórí Ṣówándé ni pé òyìnbó tí ó wọ agbádá ni orin rẹ̀. Èsì mi ni pé kí á fi ojú kan náà wo gbogbo ènìyàn. Dvořák mú ọ̀nà ijó àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì kọ Slavonic Dances fún ọ̀kẹ́stírà. Bartók rin ìrìn àjò láti abúlé dé abúlé ní ilẹ̀ Hungary, ó ń gba orin lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi wọ́n kún iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní Jámánì tí ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì ni ọ̀pọ̀ nínú ìlànà tí wọ́n fi to orin wọn ti wá. A kò gbọdọ̀ bèèrè lọ́wọ́ ọmọ wa ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Bí ó ti wù kí ó rí, iṣẹ́ aṣàríwísí kì í ṣe kí a kàn máa ṣe alágbàwí. Ibi méjì ni iṣẹ́ Ṣówándé ti kù fún mi. Èkínní ni Folk Symphony, iṣẹ́ ńlá tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ sí nítorí òmìnira 1960, tí àwọn ará New York sì gbọ́ ní Carnegie Hall ní 1962. Orin ìbílẹ̀ ni ó fi kọ́ ọ. Ọ̀nà tí ẹ̀yà orin tí à ń pè ní sínfónì ń gbà dàgbà ni kí a mú orin kan, kí a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí a sì fi àwọn ẹ̀fọ́ náà jiyàn títí a ó fi tún un tò. Orin Yorùbá kì í dàgbà báyìí. Elé àti ègbè ni ó fi ń dàgbà: ẹnìkan dá a, ọ̀pọ̀ gbè é, ẹni tí ó dá a yí i padà díẹ̀, wọ́n tún gbè é. Bí a bá fọ́ orin wa, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni a fọ́. Nítorí náà mo rí i pé nínú iṣẹ́ kékeré bí African Suite, níbi tí orin kọ̀ọ̀kan ti lè dá ara rẹ̀ sọ tán, Ṣówándé wà ní ilé. Nínú èyí tí ó tóbi, mo ń gbọ́ ìjà láàrin aṣọ àti ara.

Ibi kejì ni ọ̀rọ̀ orin tí a ń fi ẹnu kọ, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọmọ èdè. Olùkọ́ rẹ̀, Phillips, ti fi ìwé rẹ̀ Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953, ṣe àlàyé àìsàn tí ó ti ń ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ayé àwọn míṣọ́nnárì: wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì láìbìkítà fún ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ ohùn èdè. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà ìyá. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì gun òkè. Bí olórin bá gbé e lé ìró méjì tí kò gòkè, ìyà ni ẹni tí ń gbọ́ yóò gbọ́. Ẹni tí ó dìde láti yin ìyá rẹ̀ ti di ẹni tí ń yin ìyà nìyẹn, ìjọ yóò sì ṣe àmín. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ń dúró dè é pẹ̀lú.

Ṣówándé mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Síbẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà nínú púpọ̀ nínú orin ẹnu rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde, pàápàá àwọn orin ẹ̀mí ti àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà tí ó tò fún ẹgbẹ́ akọrin. Iṣẹ́ dáradára ni wọ́n, mo sì mọ̀ pé ìbátan wa ni àwọn tí ó ni orin náà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé kì í ṣe ẹnu Yorùbá ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún jù. Ibi tí èdè wa sá pamọ́ sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni dùùrù. Ọ̀yígíyigì, Ọbańgíjì, Jésù Olùgbàlà, K'á Múra: àwọn orúkọ tí ó sọ orin dùùrù rẹ̀ nìyí. Kò sí ẹni tí ń la ẹnu nínú wọn, ṣùgbọ́n orin tí àwọn ìjọ wa mọ̀ ni ó gbé sínú wọn, tí ó fi jẹ́ pé bí òyìnbó bá jókòó ní ìhà kan tí ọmọ Yorùbá sì jókòó ní ìhà kejì, òyìnbó yóò gbọ́ orin, ọmọ Yorùbá yóò gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí dùndún ti ń ṣe ní ààfin nìyẹn. Mo ka èyí sí ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tí ń kọ̀wé lórí àrokò àti ẹnà ní ẹ̀ka wa fi ọkàn sí i.

Ohun tí ọ̀gá kò ṣe tán, ọmọ iṣẹ́ gbà á ṣe. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí a bí ní Jos ní 1935, wà lọ́dọ̀ Ṣówándé ní ilé iṣẹ́ rédíò kí ó tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Cambridge àti ní Los Angeles. Láti 1969 ó ṣe olùkọ́ ní Akọkà níhìn-ín títí ikú òjijì fi mú un ní oṣù kọkànlá 1976, nígbà tí kò ju ẹni ọdún mọ́kànlélógójì lọ. Bánkọ́lé kọ Three Yoruba Songs fún ohùn àti píánò, ó kọ Adura fun Alafia ní 1969 nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà, ó sì mú ìlù ilẹ̀ wa àti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì jókòó sí ojú kan nínú Ona Ara ní 1970. Akin Euba, ẹni tí a bí ní Èkó ní 1935 kan náà, tí òun náà sì kọ́ni ní Akọkà, to orin ìbílẹ̀ mẹ́fà fún ohùn àti píánò. Nínú iṣẹ́ àwọn méjèèjì yìí, èdè Yorùbá kò sá pamọ́ mọ́. Ó jáde síta, ó la ẹnu.

Kí ni a wá fẹ́ ṣe sí i? Orin tí a kọ sílẹ̀ kò dà bí ìwé Fágúnwà. Bí a bá ti ìwé mọ́ àpótí fún ogójì ọdún, ẹni tí ó bá ṣí i yóò kà á. Orin tí a kò fi ṣeré, òkú ni ó wà nínú ìwé, àwọn tí ó mọ bí a ṣe ń mí sí i sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Euba náà ti kú ní 2020. Ní 2021, ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́stírà Chineke! fi African Suite ṣeré ní Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò lè sọ fún wa bóyá ohùn inú orin náà bá ohùn èdè mu. Àwa ni ó lè sọ ọ́, iṣẹ́ wa sì ni.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkínní, kí àwọn olùkọ́ wa tí ń kọ́ni ní ìró ohùn èdè Yorùbá mú orin Bánkọ́lé kan lọ sí kíláàsì, kí wọ́n sì fi àmì ohùn ọ̀rọ̀ wé àmì orin, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Ní wákàtí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ ohun tí ìwé gírámà ń fi sáà kan sọ. Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin ní ẹ̀ka Creative Arts jùmọ̀ ṣe ìrọ̀lẹ́ kan lọ́dọọdún fún orin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Èbúté-Mẹ́ta, àwọn tí ń fi oṣù mẹ́ta kọ́ Handel nítorí Kérésìmesì, yọ ọ̀sẹ̀ méjì nínú rẹ̀ fún ọmọ ilé wọn. Handel kò ní bínú.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ilé tí Ṣówándé kọ́ ní ibi tí ó jò díẹ̀, mo sì ti fi ìka tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n ilé baba wa ni. Kí a wọ inú rẹ̀, kí a sì máa gbé e.